Ọtí ní Ojúde, Igbó ní Kọ̀rọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ojú tí Àwùjọ fi ń Wo Ohun tí ń Pani bí Ọtí àti Ọ̀rọ̀ Ìsọdòfin Igbó

Ìfáàrà

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ènìyàn bá jáde ní ẹnu géètì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Yorùbá, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan ibi tí wọ́n ti ń ta bíà, ògógóró àti paraga. Ẹni tí ń tà kò sá, ẹni tí ń rà kò bojú. Ní ẹ̀yìn ilé kan náà, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lúgọ síbẹ̀ tí ó ń fa igbó. Bí ẹni ìṣáájú bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ délé, wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lásán pé ọtí ti pa á. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni òfin kọ sílẹ̀ dè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá: kí ara tù wọ́n, kí ọkàn wọn sì fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Kí ni ó fà á tí àwùjọ fi gbé àga fún ọ̀kan, tí ó sì gbé ṣẹkẹṣẹkẹ̀ fún èkejì?

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí èdè Yorùbá fi yé wa nípa ọtí àti igbó, a ó wo bí òfin ṣe dé, a ó sì wo díẹ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti yí òfin tiwọn padà, kí a tó padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò ka iṣẹ́ yìí. Igbó tí a ń sọ níhìn-ín ni ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cannabis sativa, tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sì ń pè ní Indian hemp. A kò kọ iṣẹ́ yìí láti gbè sẹ́yìn amugbó, a kò sì kọ ọ́ láti sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú.

Ohun tí èdè fi yé wa

Yorùbá ní orúkọ fún oríṣiríṣi ọtí. Ẹmu ń bẹ tí a ń dá lára ọ̀pẹ, ògùrọ̀ ń bẹ, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń bẹ tí a ń fi àgbàdo ṣe, ọtí ọkà bàbà náà sì ń bẹ. Adẹ́mu jẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ tí àwùjọ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ. A kì í tọrọ ìyàwó kí ọtí má sí níbẹ̀, a kì í sọmọ lórúkọ nílé onísẹ̀ṣe kí a má ta ọtí sílẹ̀, òkú àgbà kò sì ní lọ láìjẹ́ pé wọ́n mu ún. Nígbà tí ṣínáàpù òyìnbó dé, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fún un ní àyè nínú ètùtù, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Síbẹ̀, Yorùbá kò sọ pé ọtí kò léwu. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹmu ni Ọbàtálá mu tí oorun fi gbé e lọ lójú ọ̀nà nígbà tí Olódùmarè rán an níṣẹ́ láti dá ilé ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé kíyèsí nínú ìtàn yìí ni pé èèwọ̀ náà kò kan gbogbo ìlú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó kàn. Àwọn yòókù ń mu tiwọn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n: ọmọdé kì í jókòó ti akèrègbè àgbà, ẹni tí ó bá sì ń mu láàárọ̀ kùtù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sóko ti di ẹni àfitọ́rọ̀. Ìlànà kan wà níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá.

Bí a bá fọ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, èrò yìí hàn kedere. Ọ̀rọ̀-ìṣe *yó* tí a ń lò fún ẹni tí ó jẹun tẹ́rùn náà ni a ń lò fún ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára. Èdè kò rí àbùkù nínú yíyó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n *ìmutípara* yàtọ̀. Mọ́fíìmù rẹ̀ ni *ì-*, *mu*, *ọtí*, *pa* àti *ara*. Kì í ṣe mímu ni ọ̀rọ̀ náà dá lẹ́bi bí kò ṣe pípa ara ẹni. Òwe náà kò sì dákẹ́: amutí gbàgbé ìṣẹ́, alákọrí gbàgbé ọ̀la. Ohun tí òwe yìí mọ̀ ni ìdí tí ènìyàn fi ń mu, pé ìṣẹ́ wà nílẹ̀ tí ó fẹ́ gbàgbé. A ó tún padà sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo igbó. Ewé náà kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè wa. Igbó tí ẹranko ń gbé náà ni a fi ń pè é. Tábà àti sìgá jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, èyí sì fi hàn pé ìta ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n àwùjọ ti gbà wọ́n wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí áṣáà fi wà nínú àpò ìyá àgbà. Igbó kò rí irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ni pé èdè ní *ọ̀mùtí*, ó tún ní *ọ̀mùtípara*. Ọ̀kan ń mu, èkejì ń mu kọjá àlà. *Amugbó* nìkan ni ó wà ní ti igbó. Kò sí ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ń mu ún níwọ̀n, nítorí pé nínú èrò àwùjọ, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní amugbó lè má tíì fi ẹnu kàn án rí; ó lè jẹ́ pé ó fa irun gígùn ni, tàbí pé ó jà ní gáréèjì.

Ẹ̀rí kan tún wà láti òkè òkun tí ó ti èyí lẹ́yìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ. Títí di òní, nínú àwọn ilé òrìṣà Candomblé, *otí* tàbí *otim* ni wọ́n ń pe ohun mímu líle. Igbó pọ̀ ní Brazil nígbà ẹrú. Ìgbìmọ̀ ìlú Rio de Janeiro tilẹ̀ ṣe òfin kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1830, pé kí ẹni tí ó bá tà á san owó ìtanràn, kí ẹrú tí ó bá lò ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 3. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, *maconha* àti *diamba*, inú èdè àwọn ará Àngólà ni wọ́n ti wá. Ọtí bá àwọn baba wa sọdá òkun. Igbó kò bá wọn lọ, nítorí pé kò sí nílé nígbà náà. Bákan náà, kí òǹkàwé fi òfin Rio yẹn sọ́kàn: owó ni ẹni tí ó tà á san, ẹ̀wọ̀n ni ẹrú lọ.

Bí òfin ṣe dé

Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Geneva ní ọdún 1925 ni ó kọ́kọ́ fi igbó kún àwọn ohun tí àgbáyé yóò máa ṣọ́, ìjọba amúnisìn sì gbé òfin òògùn olóró kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1935. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ohun tí wọ́n ń kà léèwọ̀ fún wọn. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n lọ jà ní Íńdíà àti Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960 sí 1965, ó ti tó ohun tí àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ń kọ̀wé lé lórí: Tọlání Àsúnì ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta ní 1964, T. Adéoyè Lámbò ní 1965.

Òfin tí ó le jù lọ dé ní ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun. Ẹni tí ó bá gbin igbó lè gba ìdájọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Kò yẹ kí èyí yani lẹ́nu bí a bá rántí àkókò náà. Rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni, igbó tí àwọn jàǹdùkú olóṣèlú ń mu sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn di ẹ̀bi rù. Ó rọrùn láti jẹ ewé níyà ju láti jẹ àwọn tí ó rán àwọn jàǹdùkú náà níṣẹ́ níyà. Ní ọdún 1975 wọ́n mú ìdájọ́ ikú kúrò, wọ́n sì sọ ìyà ẹni tí ó mu ún di ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦200. Ìjọba ológun ọdún 1984 tún fún òfin náà le. Nígbà tí ó di 1989, wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Òfin tí ó dá a sílẹ̀ ni ó gbé ẹ̀wọ̀n gbére ka orí ẹni tí ó gbìn ín tàbí tí ó tà á, àti ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ka orí ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti gidi, ilé-ẹjọ́ a máa dá ẹ̀wọ̀n tí ó kéré púpọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n òfin tí adájọ́ pàápàá ń wá ọ̀nà láti yẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ òfin tí ó ní ìṣòro, ó sì fi àyè ńlá sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó dé iwájú adájọ́.

Àárín ọdún wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ Fẹlá wáyé. Ní 1974, nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Ransome-Kútì, àwọn ọlọ́pàá ya bo ilé rẹ̀ ní Èkó nítorí igbó. Láti inú ìrírí náà ni àwo *Alagbon Close* (1974) àti *Expensive Shit* (1975) ti jáde. Fẹlá sọ ohun tí wọ́n fi ń mú un di ohun ìfẹ̀hónúhàn. Láti ìgbà náà ni igbó ti ní ìtumọ̀ kejì láàárín àwọn ọ̀dọ́: àmì pé ẹnì kan kò bẹ̀rù ìjọba. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí àwọn tí ó ṣòfin ń wá.

Kí a má baà rò pé igbó nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí a yà bá ògógóró díẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ́, owó-orí orí ọtí òkèèrè kó ju ìdajì owó tí ìjọba amúnisìn ń rí ní èbúté Gúúsù Nàìjíríà. Àwọn ajíhìnrere ń pariwo pé ọtí ń ba ìlú jẹ́, ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1909, ṣùgbọ́n ọtí ń wọlé bọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, tí owó wọ́n, àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu àti ògùrọ̀ pọn ògógóró fúnra wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni ògógóró di ọtí àìtọ́, tí ọlọ́pàá ń fọ́ ìkòkò, tí wọ́n ń ju àwọn ìyá olọ́tí sẹ́wọ̀n. Ọtí tí ó sanwó-orí dára. Ọtí tí kò san kò dára. Lónìí, orí tábìlì ni ògógóró wà. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìgò náà.

Àwọn tí ó ti yí òfin padà

Uruguay ni ó kọ́kọ́ sọ igbó dòfin pátápátá, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ní 2017 ni ilé ìpoògùn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Colorado àti Washington ti fọwọ́ sí i ní 2012. Kánádà tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2018. Jámánì gbà á láyè láti ọjọ́ kìn-ín-ní, Oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ṣùgbọ́n láìsí ṣọ́ọ̀bù: àgbàlagbà lè gbin igi 3, ó sì lè mú gíráàmù 25 dání.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti Áfíríkà. Ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè ní Gúúsù Áfíríkà pinnu ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 pé ohun tí àgbàlagbà bá ń mu nínú ilé ara rẹ̀ kò kan ọlọ́pàá. Wọn kò sọ pé igbó dára o. Ẹ̀tọ́ sí àṣírí ilé ẹni ni ìdájọ́ náà dúró lé. Títà á kò sí nínú rẹ̀. Ghánà gba ọ̀nà mìíràn: òfin tirẹ̀ ti ọdún 2020, tí wọ́n tún ṣe ní 2023 lẹ́yìn tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé apá kan nínú rẹ̀, gbà kí wọ́n fún àgbẹ̀ ní ìwé àṣẹ láti gbin irú èyí tí kò ní ju ìdá 0.3 nínú 100 èròjà THC tí ń pani. Fún okùn, oògùn àti òwò ni, kì í ṣe fún fífà.

Thailand ni ó yẹ kí á fi ṣe àríkọ́gbọ́n, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú wa kọ́kọ́ wò. Wọ́n gbà á fún ìwòsàn nípa òfin tí wọ́n ṣe ní òpin ọdún 2018, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òògùn olóró ní Oṣù Kẹfà ọdún 2022 láìtíì ní òfin tí yóò máa darí òwò rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì hù bí olú. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n fa ìjánu padà: ẹni tí kò ní ìwé dókítà kò gbọdọ̀ rà á mọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí gbayawu, tipátipá ni wọ́n fi ń pa á dé.

Àríyànjiyàn ní ilé wa

Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, rìnrìn-àjò lọ sí Thailand pẹ̀lú ọ̀gá àgbà NDLEA láti lọ wo bí wọ́n ti ń gbin igbó fún oògùn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé inú àwọn igbó ọba ní Oǹdó ni NDLEA ti ń dáná sun oko igbó lọ́dọọdún. Ohun tí gómìnà náà ń sọ ni pé kí ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ gba irúgbìn náà máa rí owó níbẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìpàdé kan wáyé ní Àkúrẹ́ lórí àǹfààní ewéko náà, níbi tí Buba Marwa tí ó ti di ọ̀gá NDLEA ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ti ta kò ó gbọnin-gbọnin. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò ní Oṣù Kejìlá ọdún 2020 láti mú igbó kúrò nínú ìpele tí ó le jù nínú àdéhùn ọdún 1961, ìbò 27 sí 25 ni ó gbé e wọlé. Nàìjíríà wà lára àwọn 25. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 pàápàá, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá pé kí ìdájọ́ ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére fún oníṣòwò òògùn olóró. A ti mọ orin yẹn láti 1966.

Ìwádìí tí UNODC gbé jáde ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ó fún wa ní òǹkà tí ó ṣeé gbára lé. Ó fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 10.6, ìyẹn ìdá 10.8 nínú 100 àwọn tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ni ó ti mu igbó láàárín ọdún kan. Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ni lílo oògùn ti pọ̀ jù: ìdá 22.4 nínú 100. Ọjọ́-orí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ igbó jẹ́ nǹkan bí ọdún 19. Ẹ wo kíláàsì ọdún kìn-ín-ní yín.

Lẹ́yìn òfin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé ènìyàn wọ ibojì nígbà kan, iye tí ó kù nìyẹn. Ohun tí àwọn alátìlẹyìn ìsọdòfin ń tọ́ka sí nìyí, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Wọ́n tún ń sọ pé ọtí ń pa ènìyàn jù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ọtí lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 ní ọdún 2019. Òótọ́ náà ni. Àwọn alátakò ń sọ pé bí ọtí ti ń ṣe wá léṣe tó yìí, kí ló dé tí a ó fi tún ṣí ilẹ̀kùn kejì? Èmi kò rí ẹni tí ó dáhùn ìyẹn dáadáa. Ìjọba tí NAFDAC rẹ̀ kéde ní Oṣù Kejì ọdún 2024 pé ọtí inú ọ̀rá ti di èèwọ̀, tí ó sì tún sún ọjọ́ náà síwájú nítorí ariwo àwọn olówò, kò tíì fi hàn pé òun lè dí ṣọ́ọ̀bù igbó lọ́wọ́ kí ó má tà fún ọmọ ọdún 14.

Nítorí náà, lójú tiwa, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń lọ̀ pọ̀ mọ́ra. Gbígbìn ín lábẹ́ ìwé àṣẹ fún oògùn àti òwò, bí ti Ghánà, jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ẹnubodè, kò sì pọn dandan kí ó kan amugbó rárá. Títà á ní gbangba fún ìgbádùn jẹ́ ohun tí a kò tíì ní irinṣẹ́ ìdarí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 dẹ́rù ba ọmọ ọdún 19 tí wọ́n bá wédé igbó kan lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mú kúrò, kò sì dìgbà tí a bá yanjú méjì yòókù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Òwe tí a pa níṣàájú ti sọ ohun tí ó ń lé ènìyàn débẹ̀: ìṣẹ́ tí ó fẹ́ gbàgbé ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, tòun ti orúkọ ẹlẹ́wọ̀n tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri ibi tí ó bá ti ń wá iṣẹ́.

Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Nígbà kan tí a lọ ṣàbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì kan níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òògùn olóró. Ó múra sílẹ̀ dáadáa. Ó wá sọ pé ẹni tí ó bá fa igbó lẹ́ẹ̀kan péré yóò ya wèrè. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní ìjókòó ẹ̀yìn wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ̀rín náà túmọ̀ sí: wọ́n mọ ẹni tí ó ń mu ún, orí rẹ̀ sì pé. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, wọn kò gba ohunkóhun mìíràn tí ó sọ gbọ́, títí kan èyí tí ó jẹ́ òótọ́.

Òótọ́ náà kò kéré. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí ó bá gbìyànjú igbó ni yóò nira fún láti fi í sílẹ̀. Fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́langba, ó súnmọ́ ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà, mímu igbó lójoojúmọ́ a sì máa dí ìrántí àti ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí àrùn ọpọlọ wà nínú ìdílé rẹ̀ fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó lágbára ni ó ń mu. Ohun tí wọ́n ń pè ní Colorado ládùúgbò kì í sì í ṣe igbó rárá. Kẹ́míkà àtọwọ́dá ni wọ́n fọ́n sára ewé, ó sì burú jù ú lọ. Tramadol àti omi kodéènì, tí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé àti ṣíṣe é ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2018, wà lára ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ dárúkọ, nítorí pé kò ní òórùn tí yóò tú àṣírí ẹni tí ó lò ó.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn jókòó sábẹ́ igi. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí mo bá sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mu ún ló ń ya wèrè, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ní kí wọ́n lọ mu ún ni?” Mo bi í pé kí ni ó máa ń sọ fún wọn nípa bíà. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun kò tíì sọ nǹkan kan nípa bíà rí, kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí òun ń lò. A jọ tún ìlànà ẹ̀kọ́ náà kọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọtí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.